Mo rán aṣọ ọlọ́dún kan fún ọmọ kílò kan

Ẹ yin Olúwa! Ẹ tún yìn ín. Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, àti ẹ̀yin oníbàárà mi tí aṣọ yín pẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́dún 2022 tí ẹ kò bú mi, mo wá dúpẹ́ nítorí ọmọ mi obìnrin tí mo bí lọ́dún náà kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ó yẹ kí n ti ṣe é tipẹ́, ọkọ mi ló ní kí a ní sùúrù kí ọmọ náà kọ́kọ́ wọ ilé ìwé ná. Ó ti wọ̀ ọ́ báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó bá ọmọ kan jà lórí bisikíìtì, òun ló borí, mo wá rí i pé ara rẹ̀ ti le tó ẹni tí a lè tìtorí rẹ̀ dúpẹ́.

Pásítọ̀ wa ní kí n sọ pé ìgbàgbọ́ ni mo fi ja ìjà ẹ̀mí ọmọ náà nígbà tí mo bí i. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú. Ìgbàgbọ́ ni ti ẹni tó mọ bí nǹkan ṣe rí, tó sì tún dúró. Èmi ò mọ nǹkan kan. Àìmọ̀ ni Ọlọ́run fi bò mí lójú, abẹ́ rẹ̀ ni mo wà tí mo fi ṣe gbogbo ohun tí mo ṣe.

Oyún mi jẹ́ ọ̀sẹ̀ 29. Mo wà nídìí maṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ẹ́dẹ, aṣọ ẹbí tí wọ́n fẹ́ wọ lọ́jọ́ Sátidé ni mo ń rán lọ́wọ́, ni omi bá dà. Mo kọ́kọ́ rò pé ìtọ̀ ni, mo tilẹ̀ bú ara mi. Kí ọmọṣẹ́ mi tó rí ọkọ mi pè lórí fóònù, mo ti ń rọbí.

Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ sáré lọ, mi ò ní dárúkọ wọn. Ibẹ̀ ni mo bí i sí láago méjì òru. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru wà níbẹ̀ lóòótọ́, aṣọ ìnura ni wọ́n sá sórí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti kú tipẹ́. Wọ́n ní kí a máa gbé ọmọ lọ sí ìlú kejì. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló ṣàánú wa: ó ní kí ìyá ọkọ mi ṣí bùbá wọn, ó gbé ọmọ lé wọn láyà ní ìhòòhò, ó fi fìlà bò ó lórí, ó wá fi gèlè wé àwọn méjèèjì pọ̀. Bí a ṣe dé ọ̀hún nìyẹn nínú mọ́tò ọ̀rẹ́ ọkọ mi, èmi lẹ́yìn, Mọ́mì níwájú, tí wọ́n ń pe ọmọ ní Àbẹ̀bí láti Ẹdẹ títí a fi dúró. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó fún un ní oríkì.

Nígbà tí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kílò kan àti gíráàmù 50 ni. Ẹ gbé páálí ṣúgà onígun méjì lé àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Etí rẹ̀ rọ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Bó bá ká, kì í na padà àfi tí ènìyàn bá bá a nà án. Dókítà pe ọkọ mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tó sọ fún un níbẹ̀, ọdún kan gbáko ló gbà kí n tó gbọ́.

Èmi náà béèrè o. Mo bi nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà pé ṣé ọmọ mi á yè. Ó ní, "Mọ́mì, ó kéré o, àmọ́ a máa ń tọ́jú irú wọn." Mo di "a máa ń tọ́jú irú wọn" mú, mo fi "ó kéré" sílẹ̀ fún un. Ṣebí gbogbo ọmọ ló ń kéré kó tó tóbi. Ibi tí òye mi mọ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó là mí lóye jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Rọ́bà tín-ín-rín kan gba imú rẹ̀ wọ inú. Mílílítà méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ wàrà tí mo ń fún láti inú ọmú, kò kún ìdajì ìdérí ike omi, ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru. Bí oorun bá gbé mi lọ, Mọ́mì á fi ìka gún mi níhà. Ọmọ náà a sì máa gbàgbé láti mí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: a máa gbàgbé. Àyà rẹ̀ á kàn dúró, ètè rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, a ó fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, á sì rántí. Oògùn tí wọ́n ń fún un nítorí ìyẹn ni káféènì, ohun kan náà tó wà nínú kọfí àti nínú obì. Nígbà tí Mọ́mì gbọ́, wọ́n ní ṣé kí àwọn kúkú máa jẹ obì kí àwọn máa mí sí i nímú ni. A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí omi ti dà.

Wákàtí kan lójúmọ́ ni wọ́n ń jẹ́ kí ìyá gbé ọmọ sáyà, ara kan ara. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gá dókítà ń yí wọ́ọ̀dù ká pẹ̀lú àwọn dókítà kéékèèké lẹ́yìn rẹ̀, ìwé lọ́wọ́ gbogbo wọn. Mo dìde. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tó fi jẹ́ wákàtí kan? Ta ló ń gbé e ní wákàtí mẹ́tàlélógún yòókù?" Gbogbo wọn wò mí. Ó bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé mi ò ní lè dùbúlẹ̀ gbalaja, pé orí ìjókòó ni n ó máa sùn. Mo ní sà, télọ̀ ni mí, orí ìjókòó la máa ń sùn tí ọdún bá ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mẹ́trọ̀n tó dúró tì í ló gbè mí lẹ́yìn, ó ní òun ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é tọ̀sán tòru. Wọ́n fún mi ní àga kan àti ìrọ̀rí mẹ́ta. Bó bá jẹ́ pé mo mọ ohun tí àwọn mọ̀ nípa ọmọ mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò rò pé ẹsẹ̀ mi á gbé mi dìde.

Mẹ́trọ̀n ló sọ fún wa pé orúkọ ẹranko kan ní Ọsirélíà ni wọ́n fi ń pe ìtọ́jú náà, kangaroo, tó ń gbé ọmọ sínú àpò níwájú ikùn. Mọ́mì ní, "Ẹranko wo? Àwa ò pọnmọ rí ni? Wọ́n kàn yí i síwájú ni."

Lóru ọjọ́ kan wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ń sáré, wọ́n ń fi aṣọ wé àwọn ọmọ inú ẹ̀rọ. Àbẹ̀bí ń sùn. Àyà mi kì í retí NẸ́PÀ.

Nígbà tó pé ọjọ́ méje, ìwọ̀n rẹ̀ ti wálẹ̀ sí gíráàmù 980. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ tuntun ṣe máa ń fọn díẹ̀ kó tó di pé wọ́n ń tẹ̀wọ̀n. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi mú àǹkárá aláwọ̀ ewé kan wá, pẹ̀lú abẹ́rẹ́, òwú àti síṣọ́ọ̀sì. Nígbà tí Mọ́mì bá gba ọmọ sáyà kí n lè lọ wẹ̀, mo ń fi ọwọ́ rán an díẹ̀díẹ̀: gáùn ọjọ́ ìbí ọdún kan, oníyẹ̀rì ìlọ́po méjì. Odindi ọmọ náà ì bá wọ inú apá rẹ̀ kan. Ọkọ mi gbé oúnjẹ wá, ó bi mí pé aṣọ ta nìyẹn. Mo sọ fún un. Ó gbé kúlà oúnjẹ kalẹ̀, ó jáde, kò padà wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Mọ́mì, ọmọ yín kò fẹ́ràn ọmọ yìí nítorí pé obìnrin ni." Wọ́n ní kí n dákẹ́ kí n máa rán aṣọ mi, ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ẹnì kan. Obìnrin tó wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ mi, ẹja ló ń tà, ó láyà jù mí lọ. Òun náà ò mọ nǹkan kan, òun náà gbé ọmọkùnrin rẹ̀ sáyà tọ̀sán tòru, ó ń kọrin sí i létí. Àìsàn wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ní ọjọ́ kejìlá, kò sì ju ọjọ́ méjì lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ máa wí kiri pé àyà líle ló ń gba ọmọ là, kó má fi mí ṣe ẹlẹ́rìí. Kí obìnrin náà tó lọ, ó fún mi ní ọ̀já rẹ̀. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun máa fi ṣe nílé. Mo ṣì ní in lọ́wọ́.

A lo ọjọ́ 47. Kílò 1.8 ni Àbẹ̀bí nígbà tí a gbé e jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ tó pé ọdún kan, tí àlejò ti lọ tán, ọkọ mi pè mí sí pálọ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni dókítà ṣe na tirẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, pé kí òun fi ìka márààrún pe ọmọ bí irú tiwa. Ó wá ń ká ìka náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí dókítà ṣe ká a. Èyí tó ṣẹ́ kù kò pọ̀. Ó ní bí òun bá ti fẹ́ gbé ọmọ náà, àwọn ìka yẹn ni òun ń rí. Síbẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí kò gbé oúnjẹ wá. Ó ta ọ̀kadà rẹ̀ san owó ilé ìwòsàn, ó ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló wà. Ó mọ̀, ó sì ń wá lójoojúmọ́. Bí Pásítọ̀ bá ń wá ìgbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n ti wá a.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Bí mo bá sọ ọ́, ta ni ì bá máa fún wàrà?"

Lẹ́yìn alẹ́ yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan nípa ìtọ́jú kangaroo yẹn. Dókítà kan tó ń jẹ́ Edgar Rey Sanabria ló bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú náà ní Bogotá ní Kòlóńbíà lọ́dún 1978, nígbà tí ẹ̀rọ kò kárí tí wọ́n ń kó ọmọ pọ̀ sínú ẹyọ kan. Lọ́dún 2021 ni èsì ìwádìí ńlá kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe jáde, ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tànsáníà àti Nàìjíríà. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni wọ́n ti ṣe ti Nàìjíríà, kò jìnnà sí wa rárá! Àwọn ọmọ tó lé ní 3,000 ló wà nínú rẹ̀, láti kílò kan sí nǹkan bíi 1.8. Nínú àwọn tí wọ́n gbé sáyà ìyá kété tí wọ́n bí wọn, 12 ló kú nínú 100. Nínú àwọn tí wọ́n ní kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀ ná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kó tó parí, torí ó ti hàn pé èyí tó wà láyà ló ń yè jù. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kà á, ọmọ náà sì ń fa yẹ̀rì mi pé ebi ń pa òun. Iye yẹn dára lórí ìwé. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kà á sí yín létí lóru ọjọ́ tí ẹ bímọ.

Mi ò ní kí ẹ má bi dókítà ní ìbéèrè o. Ohun tó dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ìbéèrè ni: ta ló ń gbé e ní wákàtí mẹ́tàlélógún yòókù. Iye ọmọ tó ń kú nìkan ni mi ò béèrè.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ náà, lẹ́yìn ìwàásù, a ó sì jẹun. Gáùn aláwọ̀ ewé yẹn ni Àbẹ̀bí máa wọ̀. Lọ́jọ́ tó pé ọdún kan, ńṣe ló ń wọ́ nílẹ̀, pín-ìnnì la fi há a léjìká. Ó bá a mu nígbà tó pé ọdún méjì. Mo ti tú ìṣẹ́tí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò lánàá, kò sí aṣọ tó kù níbẹ̀ tí mo lè tú mọ́.