Kí ẹ tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ẹ jọ ń du oníbàárà

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo kúrò níbi iṣẹ́ mi àtijọ́, ó ṣì ń dùn mí dọ́kàn. Ẹ̀yin tí lẹ́tà iṣẹ́ tuntun ti wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ ń wá bí ẹ ṣe máa sọ fún ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fáìlì kankan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín.

Ohun tí èmi ṣe nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, mo fi orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà ránṣẹ́ sí ara mi. Èmi ni mo fi ọdún 4 kó wọn jọ, mo rò pé tèmi ni. (Mi ò jalè o, kí ẹnikẹ́ni má pè é bẹ́ẹ̀.) Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gbé lẹ́tà fún ọ̀gá. Wọ́n béèrè ibi tí mò ń lọ, mo sọ ọ́.

"Ọ̀dọ̀ àwọn yẹn?"

Kò tó wákàtí kan, kọ̀ǹpútà mi ò ṣí mọ́. Wọ́n pè mí wọlé, wọ́n gbé bébà kan síwájú mi: ímeèlì alẹ́ àná, aago 11 kọjá ìṣẹ́jú 20, wọ́n ti fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ mi. Ọ̀gá ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Mo lanu, ohùn ò jáde. Ẹ̀ṣọ́ kan dúró tì mí bí mo ṣe ń kó ife àti bàtà mi sínú páálí, gbogbo ẹni tá a jọ ń ṣàwàdà wá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí.

Mo pa fáìlì náà rẹ́, mo fọwọ́ síwèé pé mi ò ní lò ó, iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lọ wá ìwé tí ẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbà yín síṣẹ́. Ó wà nínú tèmi pé ilé-iṣẹ́ ló ni orúkọ oníbàárà, àti pé mi ò gbọdọ̀ bá wọn dòwò fún oṣù 6. Mi ò kà á. Ta ló ń kà á? Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé ní California, òfin ò jẹ́ kí ọ̀gá dí èèyàn lọ́wọ́ láti lọ bá àwọn tí wọ́n jọ ń du oníbàárà. Òótọ́ ni, àmọ́ níbẹ̀ náà, àṣírí ilé-iṣẹ́ kì í bá òṣìṣẹ́ jáde. Fáìlì náà ni mo ṣì ń sọ o.

Lánàá, oníbàárà mi kan pè mí. Mo ń wo fóònù náà títí ó fi dákẹ́. Ó ṣì ku oṣù 5 ó lé.