Ìtòkú sí Sápọ́n: Ẹ Gbọ́ Tẹnu Àwọn Tó Ń Tajà Láàárín Ìgboro Abẹ́òkúta

Reluwé tó ń gbé èèyàn láti Èbúté Mẹ́ta lọ sí Abẹ́òkúta báyìí kì í já wa sáàárín ìgboro. Ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè wà ní Ládẹ̀rìn, lẹ́yìn ìlú. Láyé àtijọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú irin àkọ́kọ́, èyí tó dé Ìbàdàn ní 1901, Làfẹ́nwá ló gbà kọjá, ọjà ló sì yí i ká. Èrò tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, àárín aláta àti ẹlẹ́po ló ń bọ́ sí. Ti 2021 yìí yára, inú rẹ̀ tutù, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ ẹ ṣì máa wọ táksí láti Ládẹ̀rìn kí ẹ tó rí Abẹ́òkúta.

Abẹ́òkúta tí mò ń wí ni ọ̀nà tó ti Ìtòkú lọ sí Sápọ́n, tó sì já sí Aké. Mo fẹ́ ra àdìrẹ, mo fẹ́ jẹ láfún, mo sì ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ máa bi ẹnikẹ́ni tó bá ráyè dá mi lóhùn: bí wọ́n bá ní kí ẹ tún àárín ìlú yín ṣe, kí lẹ máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn?

Ìtòkú ò jìnnà sí ẹsẹ̀ Olúmọ. Àdìrẹ ni ẹ máa kọ́kọ́ rí: wọ́n kó o jọ sórí pákó, wọ́n fi kọ́ ara ilẹ̀kùn, wọ́n so ó mọ́ òpó. Tí ẹ bá wọnú lọ díẹ̀ sí i, ẹ ó bá àwọn elégbòogi pẹ̀lú èèpo igi, egbò, àti oríṣiríṣi awọ ẹran gbígbẹ. Ìyá àgbà kan tó ń ta aṣọ pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wá wo ọjà." Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti wá, mo ní Èkó ni. Wọ́n na aṣọ méjì sí mi, wọ́n ní kí n mú èyí tó jẹ́ tiwọn níbẹ̀.

Ká sọ òótọ́, àwọ̀ èkejì ló mọ́ jù. Ìyá yí àwọn méjèèjì sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́ ṣú bí iwájú rẹ̀, aró ti mu ún wọnú. Níbi tí wọ́n ti fi ìko dì í, ẹ máa rí ojú ibi tí okùn ti fún aṣọ náà pọ̀, ìlà rẹ̀ tín-ín-rín, kò sì sí méjì tó dọ́gba. Mo fi ìka lé e, mo ṣì ń rí ibi tó hun jọ díẹ̀. Ẹ̀yìn èkejì ràndánràndán, àwọ̀ ò dé ibẹ̀, àwòrán inú rẹ̀ sì ń padà wá lọ́gbọọgba láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì.

"Ẹ̀rọ ló tẹ ìyẹn, Ṣáínà ló ti wá," wọ́n wí. "Owó rẹ̀ ò tó tiwa. Oníbàárà tí ò mọ̀ á rà á, á dé Èkó, á ní òun ra àdìrẹ Ìtòkú. Tó bá ṣá, àwa ni wọ́n máa bú."

Mo wá bèèrè ìbéèrè mi. Ìyá ò rò ó pẹ́ rárá. Wọ́n ní kí ìjọba àti ẹgbẹ́ àwọn aládìrẹ jọ fi àmì sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹni tó bá ń di aṣọ tó sì ń rẹ ẹ́ fúnra rẹ̀. Wọn ò ní kí ẹlòmíràn má ta tẹ̀rọ o. Kí oníbàárà ṣáà ti mọ ohun tó ń rà. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n wá mẹ́nu kan ojú àgbàrá, nítorí omi aró tí wọ́n bá dà nù ní ẹ̀yìnkùlé, ojú ọ̀nà ni òjò ń gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ ní Ẹ̀gbá. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí sódà kọ́sítìkì tí wọ́n ń pò mọ́ aró, àti aró òyìnbó, wọ ọjà, tí àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aṣọ ń ṣá, ó sì ń gbó kíákíá, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin dè wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláró ò gbà, nítorí ẹlú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró ìbílẹ̀, gbowó, ó sì ń gba àsìkò. Òfin nìkan ò lè yanjú ẹ̀ nígbà náà. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé àmì tí ìyá ń wí yìí lọ́gbọ́n nínú ju kí wọ́n máa lé oníṣòwò kiri lọ: ẹni tó bá fẹ́ ojúlówó á rí i, ẹni tí owó rẹ̀ ò bá tó á ra èyí tó tó o.

Ebi ti ń pa mí ní gbogbo àsìkò yìí. Ìyá fọwọ́ júwe bùkà kan fún mi nínú àdúgbò, ibi tí kò ní pátákó lójú ọ̀nà. Láfún ni oúnjẹ tí gbogbo Yorùbá fi mọ Ẹ̀gbá. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí á fi rọ̀, wọ́n á sá a sórí àpáta títí á fi gbẹ, wọ́n á wá lọ̀ ọ́. Àpáta kúkú pọ̀ ní ìlú yìí. Nínú bùkà náà, ìyá oníláfún ń ro tiwọn nínú ìkòkò dúdú, ọmọbìnrin wọn fi àkísà di etí ìkòkò mú kó má baà yí. Wọ́n á ro ó, wọ́n á ta omi gbígbóná sí i, wọ́n á dé e díẹ̀, wọ́n á tún ṣí i, wọ́n á tún ro ó títí kókó kankan ò fi ní sí níbẹ̀. Wọ́n dá a síwájú mi, ó funfun, ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ní òórùn kíkan fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ rí lè bẹ̀rù. Ẹ má bẹ̀rù. Wọ́n da ewédú lé e lórí, wọ́n fi ọbẹ̀ ata, pọ̀nmọ́ àti ẹja kún un. Mo ní kí wọ́n dá òmíràn sí i.

Ìyá oníláfún dá ìbéèrè mi lóhùn pẹ̀lú ìbéèrè. "Obìnrin tó dé ọjà ní aago méje àárọ̀, tí kò ní kúrò títí ilẹ̀ á fi ṣú, ibo ló ti fẹ́ lọ tọ̀?" Gbogbo wa tó wà ní bùkà dákẹ́. Wọ́n ní ilé àwọn aládùúgbò làwọn ń lọ, àwọn sì ń sanwó, tí onílé bá sì ti jáde, ó di kí èèyàn máa mú un mọ́ra. Àwọn obìnrin kan kì í mu omi títí di ọ̀sán nítorí ẹ̀. Omi gan-an, inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ti ń rà á, láti orí èyí tí wọ́n fi ń sè dé èyí tí wọ́n fi ń fọ abọ́.

Èmi náà bèèrè ibi tí mo lè lọ kí n tó kúrò níbẹ̀. Mo sanwó nínú agboolé kan, mo sì dúró lórí ìlà. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń sọ fún mi pé òdòdó àti òpó iná aláràbarà ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, mi ò lè gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ní Sápọ́n, ìjà díẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí ìbéèrè mi. Bùrọ̀dá kan tó ń ta bàtà ní kí wọ́n kó gbogbo àwọn tó pàtẹ sójú ọ̀nà kúrò. "Mò ń san owó ṣọ́ọ̀bù, mò ń san owó iná, ìjọba ìbílẹ̀ ń gba tiwọn lọ́wọ́ mi. Ẹni tó pàtẹ síwájú mi, owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń san. Oníbàárà ò rí ọ̀nà wọlé tọ̀ mí." Ìyá ọlọ́jà kan tó ń ta tòmátò ní tòsí gbọ́ ọ, ó sì yíjú padà. "Bọ̀dá, ta ló ń dúró níwájú yín tí kì í ṣe ọwọ́ mi ló ti wá ra nǹkan? Tòmátò ni wọ́n wá rà kí wọ́n tó rí bàtà yín." Bùrọ̀dá rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Tó bá wá di pé kí n dá ẹjọ́ náà, ọ̀dọ̀ onítòmátò ni mo wà. Bí wọ́n bá lé wọn kúrò lónìí, wọ́n á padà wá lọ́la, nítorí ibi tí ẹsẹ̀ bá pọ̀ sí ni ọjà ń tà. Kí wọ́n fa ìlà sílẹ̀, kí wọ́n ṣe àtíbàbà tó ga tó sì jọra, kí ìdajì ojú ẹsẹ̀ jẹ́ ti alátẹ, kí ìdajì jẹ́ ti ẹni tó ń kọjá. Oníbàtà á rí ọ̀nà rẹ̀, alátẹ ò sì ní máa sáré tó bá ti rí aṣọ òṣìṣẹ́ ìjọba.

Bàbá télọ̀ kan ló sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó fẹ̀ fún mi. Láàárín 2011 sí 2019 ni wọ́n fẹ ọ̀pọ̀ ọ̀nà Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì kọ́ afárá gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ káàkiri, títí kan ti Ìbarà àti ti Sápọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló lọ sí i. Bàbá ò ní kí wọ́n má ṣe ọ̀nà. Wọ́n rántí bí mọ́tò ṣe máa ń dì pọ̀ tẹ́lẹ̀ tí nǹkan kì í lọ. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé wọ́n wà lójú títì tẹ́lẹ̀, inú kọ̀rọ̀ ni wọ́n ń ránṣọ báyìí, oníbàárà tuntun ò sì mọ ibẹ̀. "Mọ́tò ń kọjá lókè, wọn ò mọ̀ pé a wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ dúró, ibo ló fẹ́ gbé ọkọ̀ sí?" Wọ́n ní àwọn tó ní mọ́tò ti yí sí ọ̀nà Pánṣẹ́kẹ́ àti Òkè Mọ́sàn láti lọ náwó wọn. Nígbà tí mo fẹ́ sọdá títì lẹ́yìn tí mo kúrò lọ́dọ̀ wọn, mo dúró pẹ́, èmi àti ìyá kan tó pọn ọmọ, nítorí kò sí mọ́tò kan tó fẹ́ dẹ ẹsẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn lọ́tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà ní bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, gbogbo àdúgbò á kan ilẹ̀kùn, kò sí iná, kò sí ibi tí òun àti ọ̀rẹ́ òun lè jókòó sí. Ìbarà ni wọ́n ń lọ. Ó ní òun fẹ́ ibi ìjẹun kan ní Ìtòkú tó ní fáànù àti iná, tó mọ́, tí wọ́n sì ń ta láfún àti ìrẹsì Ọ̀fàdà tí wọ́n fi ewé pọ́n níbẹ̀, kì í ṣe adìyẹ díndín àti ànàmọ́ díndín nìkan. Inú mi dùn sí ọmọ yìí. Ìlú Ọ̀fàdà ò jìnnà, Ọbáfẹ́mi-Òwódé níbí ló wà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èrò tó ń wá gun Olúmọ, wọ́n á gùn ún, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì wọn padà láìfi oúnjẹ Ẹ̀gbá kan ẹnu, nítorí wọn ò rí ibi tí wọ́n lè jókòó jẹ ẹ́. Owó tó yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ ìyá oníláfún ló ń padà lọ Èkó yẹn.

Mo bi gbogbo àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti pè wọ́n sí ìpàdé rí kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun láàárín ìgboro. Wọ́n ní rárá. Ó dùn mí, nítorí ìlú tí àwọn obìnrin ọjà ti ń sọ tẹnu wọn ni Abẹ́òkúta. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò lásìkò ogun àgbáyé kejì, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá wọn jà. Ní 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jáde lórí owó orí, wọ́n ta kú sí ààfin Aké, nígbà tó sì di oṣù kìíní 1949, Aláké kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ló wà nídìí àtẹ lónìí. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta wà ní Aké níbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn fi ń rìn débẹ̀ láti Ìtòkú. Kí ló wá ṣòro nínú kí wọ́n rán ẹnì kan wá bèèrè?

Fún ẹ̀yin tó bá fẹ́ lọ: ẹ tètè wọ reluwé àárọ̀, kí ẹ lè ráyè rìn kí oòrùn tó mú. Ẹ mú owó kéékèèké dání, nítorí POS wà, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ṣe yín bó ṣe wù ú. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àdìrẹ fún yín bóyá òun fúnra rẹ̀ ló rẹ ẹ́. Ẹni tó bá rẹ ẹ́ á fi ọwọ́ rẹ̀ hàn yín. Omi iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀. Bùkà tí kò ní pátákó ni kí ẹ ti jẹun.

Kí n tó lọ, mo padà sọ́dọ̀ ìyá aládìrẹ láti mú aṣọ oníko mi, èyí tí wọ́n fi ìko dì. Mo ka ohun tí mo ti gbọ́ sétí wọn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé kan fáwọn, àwọn fẹ́ kà á níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn, kí wọ́n wá gbé e lọ sí Aké. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn tí ìyá fúnra wọn sọ. Wọ́n dá mi dúró. Wọ́n ní kí n fà á rẹ́, kí n kọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sókè pátápátá.