Ojú Màmá di àwọ̀ ewé

Ní oṣù keje, màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà wá gba fọ́tò wọn ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Arákàlẹ̀. Òfì ni wọ́n wọ̀ nínú rẹ̀, gèlè wọn ga, wọ́n sì ti sọ pé dúdú-àti-funfun làwọn fẹ́, irú èyí tí bàbá àwọn gbé kọ́ sí pálọ̀ nígbà èwe àwọn. Lábẹ́ gílóòbù, fọ́tò náà dùn ún wò. Màmá gbé e jáde sínú oòrùn. Wọ́n wò ó, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ara mi ò yá lọ́jọ́ tí o ya èyí ni?"

Ojú wọn ti di àwọ̀ ewé. Kì í ṣe ewé tó pariwo o, irú èyí tó máa ń wà lára ògiri tí òjò ń pa ni. Mo bẹ̀ wọ́n, mo dá owó wọn padà, mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Príńtà Epson L805 ni mò ń lò, íǹkì mẹ́fà ló ń mu: dúdú ẹyọ kan, yẹ́lò, cyan (búlúù tó fẹ́ jọ ewé), magenta (pupa tó fẹ́ jọ àlùkò), àti cyan òun magenta mìíràn tí wọn ò kì. Kò sí íǹkì eérú, ìyẹn grey, níbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá àti òjìji abẹ́ gèlè wọn, àpòpọ̀ ni príńtà fi ń ṣe é. Bí àpòpọ̀ náà bá yẹ̀ díẹ̀, ojú á rí i, ohun tí gílóòbù sì bò mọ́lẹ̀, oòrùn á tú u síta. Láti 2005 ni Epson ti ń ṣe àwọn tó ní dúdú kan àti eérú méjì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó ìyẹn sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà wà níbẹ̀: íǹkì olówó pọ́ọ́kú ni mo rọ sí i, bẹ́ẹ̀ ìṣirò inú príńtà kò mọ íǹkì àjèjì.

Bébà ni mo kọ́kọ́ yí padà. Glossy 230gsm (gsm ni ìwọ̀n bí bébà ṣe wúwo sí) ni mo máa ń lò, torí oníbàárà fẹ́ràn ohun tó ń dán. Ṣùgbọ́n wọ́n ti po kẹ́míkà kan mọ́ funfun rẹ̀, tó ń mú un mọ́ nínú oòrùn bí aṣọ tí wọ́n fi búlúù ṣan. Àléébù kì í fara sin lórí irú rẹ̀. Mo ra matte, bébà tí kì í dán, tí funfun rẹ̀ dà bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Wàhálà tirẹ̀ ni pé dúdú kì í jinlẹ̀ lórí rẹ̀ bíi ti glossy. Gbogbo ìṣẹ́po gèlè Màmá pa pọ̀ di òkùnkùn kan, àfìgbà tí mo tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i lórí kọ̀ǹpútà. (Ọ̀rẹ́ mi kan mú ẹyọ bébà Hahnemühle Photo Rag kan bọ̀ láti Èkó, 308gsm, òwú pọ́ńbélé. Lọ́wọ́, bíi kíjìpá ni. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀, mi ò tíì gbójú tẹ nǹkan sí i.)

Ibi tí príńtà ti ń béèrè irú bébà, ẹ má parọ́ fún un. Ibẹ̀ ló ti ń mọ ìwọ̀n íǹkì tó máa dà. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fi sí plain paper kí íǹkì má baà tán, tí fọ́tò ń ṣe bí ẹni tó gbààwẹ̀. Mo tún yọ High Speed kúrò, èyí tó ń mú kí príńtà máa tẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀: ó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà òfì ò ṣe méjì-méjì mọ́. Ní ti àwọ̀, yálà Photoshop tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà ló máa ṣètò rẹ̀ tàbí príńtà. Bí ènìyàn méjì bá fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ kan, ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ló gbé.

Mo gé bébà sí tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, mo ń tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti etí gèlè nìkan, mo ń fi bírò kọ ohun tí mo yí padà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yà mẹ́sàn-án. Mo ń gbé wọn jáde síta, mo ń gbé wọn wọlé, títí aládùúgbò fi bi mí bóyá mò ń sá ẹ̀lùbọ́. Mo máàkì Grayscale, èyí tó ní kí príńtà má fi àwọ̀ mìíràn hàn ju dúdú, funfun àti eérú lọ. Àwọ̀ ewé dín kù, kò lọ.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn, kan yà kí mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún ọ pé eérú gidi ni fọ́tò ayé àtijọ́? Lọ wo ti bàbá Màmá náà, ó ti pọ́n díẹ̀." Mo yọ Grayscale kúrò, torí á nu àwọ̀ yòówù tí mo bá fi sí i dànù. Mo wá fi pupa rúsúrúsú kan sí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà, kò ju omi tíì tí a fi ṣan kọ́ọ̀bù lọ. Nínú oòrùn, mi ò rí ewé mọ́. Ó ṣì lè wà níbẹ̀ o, ojú ni kò wá a mọ́.

Mo fi odindi ọjọ́ kan sílẹ̀ kó gbẹ kí n tó fi gíláàsì bò ó, nítorí ọ̀rinrin íǹkì máa ń hu kurukuru sínú férémù, pàápàá lásìkò òjò.

Màmá dé, wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi gbé e jáde síta. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò dán?" Mo ṣàlàyé, wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n tẹ òmíràn fún àbúrò àwọn ní Ìdànrè, kí tìyẹn dán. Láti àná ni mo ti ń wá glossy tí wọn ò fi búlúù ṣan.