Alhamdulillahi, ara mi ò tíì yá tán o, àmọ́ mo wá dúpẹ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀pẹ́ nílé lóko, ẹ bá mi dúpẹ́. Àwọn kan ti ní kí n ṣe sùúrù, kí ara yá tán pátápátá lọ́wọ́ ìsoríkọ́ tó ṣe mí kí n tó jáde wá jẹ́rìí, wọ́n ní ẹ̀rí tí ò parí kì í ṣe ẹ̀rí. Èmi ò gbà. Ẹni tó já sómi tí wọ́n fà á dé èbúté, ṣé ó dìgbà tí aṣọ ọrùn ẹ̀ bá gbẹ kó tó dúpẹ́ ni?

Ẹja yíyan ni mò ń tà lọ́jà Olúwo. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ìdájí la fi ń ṣe é, àwọn ọlọ́kọ̀ ti gúnlẹ̀, wàá ná an, wàá fọ̀ ọ́, wàá ká àrọ̀ yẹn, wàá fi igi gún ìrù ẹ̀ mọ́ ẹnu kó tó dorí ààrò, kò sáyè ọ̀lẹ níbẹ̀. Èmi tí mo ti ń ṣe é láti kékeré, mo ṣáà rí i pé mo ń jí ní aago mẹ́ta òru, oorun ò ní padà wá mọ́, síbẹ̀ mi ò ní lè dìde. Oúnjẹ ò wù mí. Àwọn ìbejì mi á máa sọ̀rọ̀, mò ń gbóhùn wọn, mi ò mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Ọjọ́ kan mo jókòó ti ààrò, ẹja ń jóná lójú mi báyìí, èéfín ti gba gbogbo ìsọ̀, mo mọ̀ pé kí n yí i, ọwọ́ ò kàn gbé ni. Ìyá tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló sáré wá fọwọ́ lásán ṣí i kúrò lórí iná, ó jó o lọ́wọ́, títí dòní kò sọ ọ́ sí mi létí. Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Káyókáyó ọdún yẹn nìyẹn, gbogbo ìlú ń jẹ ń mu, wọ́n ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ síbí ní 1851, àwọn ọmọ mi wọ aṣọ ọdún, mi ò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ fún wọn.

Ẹ mọ ẹnu èèyàn. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n ní ṣé ọkọ ẹ̀ fẹ́ fẹ́yàwó ni (Bàbá Ìbejì tó jẹ́ pé owó iléèwé ọmọ ló ń lé kiri!). Àlùfáà àdúgbò wa ló gbà mí. Ó ṣe àdúà, ó fún mi ní hàǹtú mu, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì tí wọ́n kọ, ó wá ní, "Ìyá Ìbejì, àdúà ti gòkè lọ, ó ku kẹ́ ẹ lọ rí dókítà, Ọlọ́run tó ń gbàdúà náà ló dá dókítà." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí tí wọ́n bá ní kí n jókòó, màá jókòó ni.

Dókítà yẹn, ọmọdébìnrin ni, mo lè bí i. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi, ó ní ẹ̀jẹ̀ tí ò tó àti àìsàn thyroid tó wà lọ́rùn lè ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀ náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá mú pépà kan jáde, ìbéèrè 9 ló wà níbẹ̀, ó ń túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń kà á, láti ọ̀sẹ̀ 2 sẹ́yìn ṣé mò ń sùn, ṣé nǹkan tó máa ń dùn mọ́ mi ṣì ń dùn, ṣé mò ń rí ara mi bí ẹni tí ò wúlò. Nígbà tó dé ìkẹsàn-án, ó gbé bírò kalẹ̀. Ó ní, "Mọ̀mí, ṣé ó máa ń wá sí yín lọ́kàn pé ó sàn kẹ́ ẹ kú?" Bàbá Ìbejì wà níbẹ̀ o. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sọ ọ́ fẹ́nì kankan rí. Mo rò pé á pariwo lé mi lórí ni, kò pariwo, kò wàásù, ó ní "ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ fún mi", ó wá yíjú sí ọkọ mi pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ mi tọ̀sán-tòru. Ó ní ìsoríkọ́ ni, àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú. Ẹ ò lè mọ bí ara ṣe tù mí tó pé kì í ṣe ìwà mi.

Ó wá kọ lẹ́tà fún wa lọ sí Yaba. Yaba kẹ̀! Láti 1907 tí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ yẹn ti wà, ẹ lọ bi ọmọ Èkó kan ohun tó máa sọ tó bá gbọ́ Yaba. Nínú bọ́ọ̀sì, láti Ìtóìkín títí dé Kétu, mò ń sọ fún obìnrin tó jókòó tì mí pé ọjà Tẹ́júoṣó ni mò ń lọ, pé mo fẹ́ ra lééṣì. Mo débẹ̀, mo bá àwọn èèyàn bíi tèmi, òṣìṣẹ́ báńkì, akẹ́kọ̀ọ́, ìyá arúgbó kan tó ń jẹ ẹ̀pà, ńṣe ni gbogbo wa jókòó tí à ń dúró kí wọ́n pe nọ́ńbà wa.

Sertraline, oògùn ìsoríkọ́, ni wọ́n fún mi. Wọ́n ti sọ fún mi pé kò ní ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí n tó rí i dáadáa, èébì ló sì máa kọ́kọ́ gbé mi, ó gbé mi lóòótọ́, ẹnu mi gbẹ táútáú. Ìyàwó bọ̀dá mi ló kó wá sílé wa. Kò bi mí ní kí ló fà á. Tílẹ̀ bá mọ́ á ní "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká lọ gba atẹ́gùn lẹ́bàá ọ̀sà", tí mo bá ní rárá á jókòó tì mí, á máa ṣẹ́fọ̀ọ́. Dókítà Yaba ní oògùn ńlá nìyẹn náà, pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ti ń ṣe irú ẹ̀ nílé ìwòsàn Aró l'Ábẹ́òkúta láti 1954, aláìsàn á máa gbé láàárín abúlé, ìbátan ẹ̀ á wà pẹ̀lú ẹ̀.

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé nǹkan ti ń yí padà, ọlọ́kọ̀ kan ló pe ẹja fún mi ní iye tí ò bójú mu. Inú bí mi. Ẹ gbọ́ o, inú bí mi! Mo yọ ọwọ́, mo bá a fa á títí tó fi já owó wálẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn, ìyàwó wa ń rẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà lójú ẹ̀, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ ohùn mi lókè báyẹn.

Mi ò ní purọ́, àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tó máa ń ṣú lé mi, mo ṣì ń lo oògùn, wọ́n ní tí mo bá ti dáa tán pàápàá màá ṣì lò ó fún bí oṣù 6 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù, kí n má dá a dúró fúnra mi. Mo gbà. Mo ń retí pé Iléyá tó ń bọ̀ èmi ni màá se ọbẹ̀ ilé wa, màá sì jẹ níbẹ̀.

Sàráà wa ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun, àkàrà àti ẹ̀kọ wà, ẹ mú ọmọ yín dání. Mo sì ti padà sí ìsọ̀ mi, àrọ̀ tútù wà, yíyan wà. Ẹ wá ra ọjà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wá wò mí bóyá orí mi ti pé, owó ẹja ẹ̀ á yàtọ̀ o.