Odò Náílì Ya Wọ Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀

Jẹ́lé-ó-sinmi àwọn Júù kan ní àríwá London ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi. Tí Àjọ Ìrékọjá bá ti ń bọ̀, ara wọn kì í balẹ̀ mọ́. Àjọ náà gan-an, àfi bíi pé torí ọmọdé ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, nídìí oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní Seder, ọmọ tó kéré jù nínú ilé ló máa ń bèèrè ohun tó mú alẹ́ yìí yàtọ̀ sí alẹ́ yòókù, àwọn àgbà á wá ròyìn bí baba ńlá wọn ṣe jáde ní Íjíbítì. Tí wọ́n bá kan ìyọnu mẹ́wàá, kálukú á ti ìka bọ wáìnì, á kán an sórí àwo lẹ́ẹ̀kan fún ìyọnu kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí ìyà ará Íjíbítì má baà di àríyá fún àwọn ni.

Oje èso àjàrà ni tiwa. Ọ̀gá wa ní ọmọdé kì í fi etí lásán gbọ́ nǹkan, kí wọ́n fọwọ́ kàn án. A pọn omi sínú abọ́ ńlá, ó di Náílì. Mo ti rọra fi aró pupa tí wọ́n ń fi sí kéèkì ra ìdí ọ̀pá Mósè, ìyẹn ṣíbí onígi. Bí ọmọ àkọ́kọ́ ṣe tì í bọmi, omi pọ́n fòò! Ariwo sọ. Òwú ni yìnyín, orí mi ni wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ lù. Awò dúdú ni òkùnkùn. Ọ̀pọ̀lọ́ onírọ́bà náà wà ńlẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ìgò aró rìn.

Ọjọ́ náà gan-an ni rábì wá kí wa. Mo yà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ láti mú tíṣù, mo wo inú àwo: pupa. Èkejì: pupa. Ibi ìfọwọ́: pupa. Ẹnu mi ti là kí n tó ronú.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Ohùn ìsọjí òru ni mo fi ké e o. Láàárín àwọn Júù! Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Tíṣà, rábì, àwọn òbí tó wá mú ọmọ, gbogbo wọn rọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọdékùnrin kan gba abẹ́ ẹsẹ̀ wọn yọ, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n dé ìgúnpá. Ó pe orúkọ mi gbansasa, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbí (mi ò kí ń bínú mọ́), ó wá rọra là mí lọ́yẹ̀:

"Rárá, ti Fáráò ni."

Rábì di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọ náà, ó ní kí ló wá tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀?

"Ọ̀pọ̀lọ́," ló dáhùn. Kí n tó nawọ́ mú un, ó ti fa omi ìgbọ̀nsẹ̀ náà ṣùùù.

Plọ́ńbà fa méje jáde lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Méjìlá la rà.