Olú tí mo fi èédú yan

Lóṣù Keje ọdún tó kọjá, mo fi ọwọ́ ara mi yan olú kan tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò tíì lórúkọ nínú ìwé kankan. Mo yan án bí ẹni yan ẹja.

Igbó Ngel Nyaki ló ti wá, lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí ní Kubwa. Ìgbà ọlidé ni mo máa ń rí àyè wá olú. Ọjọ́ méjì la fi rin ọ̀nà náà. A sun Jalingo, a gba Bali àti Serti, kí mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Lókè téńté níbẹ̀, ní nǹkan bí 1,500 mítà, òtútù àti kùrukùru á jẹ́ kó o gbàgbé pé Àríwá lo wà. Ọmọkùnrin tó ṣáájú wa wọgbó ń pe olú ní "naman kaza", ìyẹn ẹran adìẹ lédè Haúsá. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, torí àwa náà ní ẹsẹ̀ adìẹ, olú pẹlẹbẹ tó ń hù lára igi tó ti kú.

Lára ìtì igi kan ni mo ti rí tèmi, mẹ́sàn-án lójú kan. Orí rẹ̀ ò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, ó pupa bí epo tí ò tíì dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Mo fi èékánná ha ẹsẹ̀ náà, ojú ibẹ̀ sì di dúdú kí n tó ka ogún. Àbí ọgbọ̀n ni? Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣàṣìṣe. Òjò ti ṣú, mo ya fọ́tò méjìlélógún, mi ò kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Olú tó bá sì ti gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ lọ nìyẹn, òórùn rẹ̀ lọ, omi yọ̀ọ̀yọ̀ọ̀ tó wà lára rẹ̀ lọ. Ohun tó o bá kọ láàárín wákàtí àkọ́kọ́ ló kù.

Lálẹ́, mo gé orí ọ̀kan, mo dojú rẹ̀ dé bébà tí apá kan rẹ̀ funfun, tí apá kejì dúdú, mo fi ife bò ó. Ìyẹ̀fun tó bá jábọ́ sórí bébà kílẹ̀ tó mọ́ ni olú fi ń bímọ. Àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń tọ́ka sí ìdílé tó ti wá. Nǹkan kékeré kọ́. Olú funfun kan wà tó ń hù lórí koríko àgbàlá, Chlorophyllum molybdites, tó jọ olú jíjẹ dáadáa. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ẹni tó bá sè é jẹ yóò bì bí ẹni tí ìfun rẹ̀ fẹ́ jáde. Tèmi funfun.

Ó wá ku kí n sá àwọn yòókù gbẹ. Kò sí iná, mo bá gbé asẹ́ lé àdògán èédú. Ooru bí 40°C péré ló yẹ kó máa fẹ́ sí i lára. Oorun gbé mi lọ. Òórùn rẹ̀ ló jí mi, òórùn náà sì dùn, kí n má parọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò bá mi gbìyànjú láti ka ITS rẹ̀, ìyẹn apá DNA tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí lọ́dún 2012 láti máa fi dá olú mọ̀. Kò rí nǹkan kà. Ooru ti já a wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sọ olú tuntun lórúkọ gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan gbígbẹ tó kó pamọ́ síbi tí ẹlòmíràn ti lè yẹ̀ ẹ́ wò, láti 2013 sì ni orúkọ náà ti gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Èwo ni mo fẹ́ kó pamọ́, èédú?

Mo ròyìn fún Màámi ní Ìkọ̀lé.

"O fà á tu ni àbí o gé e?"

"Mo gé e ni, mà."

"Ìwọ! Olú orí ọ̀gán tá a bá gé, ṣe bí ìdí rẹ̀ ló kù lọ́dọ̀ ikán."

Wọn ò purọ́. Ẹsẹ̀ olú orí ọ̀gán ń wọlẹ̀ lọ títí dé ilé ikán, ìdí yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ti ìtì igi ni tèmi o, ṣùgbọ́n mi ò jiyàn.

Lọ́dún yìí, mo ti ra àpò bébà, ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù, torí òjò máa ń fọ bírò dànù, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru. Ọmọkùnrin tó ṣáájú wa ti fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lánàá. Ó ní òjò ti bẹ̀rẹ̀, ìtì igi náà ṣì wà níbẹ̀.