Ohun tí mo máa ń wò lára agolo matcha

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbarà béèrè èwo ni kí àwọn rà nínú matcha ilẹ̀ Japan (ewé tíì tí wọ́n lọ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun), torí gbogbo agolo tí wọ́n rí ló kọ "ceremonial grade" (ìyẹn, èyí tó yẹ fún ayẹyẹ tíì) sára. Mo ní kí wọ́n fojú fo ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí òfin Japan kankan tó ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ló yàn án fúnra rẹ̀.

Ibi tí ewé ti wá ni mo kọ́kọ́ ń wá: Uji ní Kyoto, Nishio ní Aichi, Yame ní Fukuoka. "Product of Japan" nìkan kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, ìkórè àkọ́kọ́ ọdún, tí wọ́n ń pè ní ichibancha: ewé rẹ̀ rọ̀, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ korò. Àwọn àgbẹ̀ á ti ta ìbòrí bo igi tíì náà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó já a. Wọ́n á fi ooru omi sè é, wọ́n á mú un gbẹ láìká a, wọ́n á yọ iṣan rẹ̀. Tencha nìyẹn, òun ni wọ́n ń lọ̀ di matcha. Ọlọ òkúta kì í sábà lọ̀ ju bíi 40 gíráàmù lọ ní wákàtí kan, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dínwó ńlá fi ń kọ mí lóminú.

Àmì JAS (ìlànà ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Japan) ti ọ̀gbìn aláìlókẹ́míkà dára o, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa adùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo déètì! Matcha máa ń ṣá bí èlùbọ́ tó ti pẹ́ jù lọ́jà Kútọ̀, ooru Abẹ́òkúta sì ń yára bà á jẹ́. Agolo 30 gíráàmù ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi rà, kí wọ́n dé e pa, kí wọ́n gbé e sínú fíríìjì.